Aṣọ Ìyá Mi Lábẹ́ Ẹran Òkun

Ọdún tí ìjì ṣí páànù ilé wa ní Kémta, ní Abẹ́òkúta, tí ó gbé e lọ lódindi, tí ó lọ fi í bo ilé aládùúgbò wa kan tí kò rí owó páànù rà láti ọjọ́ pípẹ́, ọdún náà ni mo rin ìrìn-àjò yìí. Ẹni tí ó bá wà ní Kémta nígbà náà kò lè gbàgbé. Aládùúgbò wa ń sọ pé Ọlọ́run ni ó fún òun. Àwa ní bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n orí ilé wa ni Ọlọ́run ti mú un. Ọ̀rọ̀ náà ò tíì parí nígbà tí mo kúrò nílé.

Èmi kò mọ̀wé. Àmínátù, ọmọ ọmọ mi, ni ó ń kọ ohun tí mo ń sọ. Mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi tirẹ̀ kún un, kí ó má sì yọ tèmi kúrò, nítorí pé àwọn tí ó gbọ́ ọ lẹ́nu mi ń sọ kiri ọjà Ṣàpọ́n pé òtútù ni ó kọlu ìyá náà lórí.

Ìlú kékeré kan létí òkun ní Gúúsù Áfíríkà ni mo lọ. Sídíkátù, àbíkẹ́yìn mi, ń gbé níbẹ̀ pẹ̀lú Gàníyù ọkọ rẹ̀, tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò. Oyún rẹ̀ ti pé oṣù, mo sì lọ bá a wẹ ọmọ. Ṣùgbọ́n nǹkan kan wà nínú báàgì mi tí ó ju ọṣẹ dúdú àti kànìnkànìn lọ. Aṣọ ìyá mi ni.

Àdìrẹ oníko ni aṣọ náà. Ọwọ́ ìyá mi ni ó fi dì í, òun náà ni ó rẹ ẹ́ láró, tí ó fi dúdú bí ọ̀run ìgbà tí òjò fẹ́ rọ̀, tí ojú funfun wẹẹrẹ kún inú rẹ̀. Gbogbo ọmọ tí a bá bí nílé wa, aṣọ yìí ni a fi ń pọ̀n ọ́n lọ́jọ́ tí a bá sọ ọ́ lórúkọ. Sídíkátù nìkan ni a kò fi pọ̀n. Nígbà tí mo bí i, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni aṣọ náà wà, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kì í sì í bára wa sọ̀rọ̀, nítorí pé ó dúró láàárín àwọn aláró ẹgbẹ́ wa, ó ní aró tèmi máa ń ṣí. Wọ́n ní kí n lọ tọrọ aṣọ náà. Mo ní n kò lọ. Ìró lásán ni mo fi pọ̀n ọmọ mi lọ́jọ́ kẹjọ.

Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ ọ́ di yẹ̀yẹ́. Bí ó bá fọ́ àwo, wọ́n á ní ẹ fi sílẹ̀, ìró lásán ni wọ́n fi pọ̀n ọ́n. Òun náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ tí ó ń lọ sókè òkun, ó dì mọ́ mi ní pápákọ̀ òfuurufú, ó ní, "Màámi, oníròó lásán yín ń lọ o." Ó rẹ́rìn-ín sí i. Èmi kò lè bá a rẹ́rìn-ín. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi kú, tí aṣọ náà bọ́ sí mi lọ́wọ́, tí Sídíkátù sì lóyún, mo pè é lórí fóònù, mo ní aṣọ náà ń bọ̀, òun ni n ó fi pọ̀n ọmọ rẹ̀. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ títí káàdì fi tán.

Ẹyẹ abẹ́ mọ́tò

Ti bàálù kò ṣe mí bí ẹni pé kí n sọ ọ́. Ẹni tí ó bá ti jókòó sójú kan láti òwúrọ̀ títí dalẹ́ ti mọ bí ó ṣe rí. Ohun tí mo rí ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì ni kí ẹ gbọ́.

Mo jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ìró mẹ́ta ni mo ró lé ara wọn nítorí afẹ́fẹ́ òkun. Wọ́n ní ìgbà ooru ni. Mo ní ooru wo? Òòrùn wọn ń ta, ó ń jó ènìyàn lójú, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tí ó wà nínú rẹ̀ dà bí ìgbà tí a bá ṣí fìríìjì. Bí mo ti jókòó báyìí ni Gàníyù jáde, ó ń lọ síbi iṣẹ́, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó so táì. Ó dé ẹ̀gbẹ́ mọ́tò rẹ̀, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó sì nà gbalaja sílẹ̀, ó fi àyà lé ilẹ̀.

Ẹ̀yin ará ilé mi, orí mi wú. Ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀ pé òkè òkun á ti gba ẹ̀kọ́ ilé lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo dìde, mo tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì, mo bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Mo ní yóò dàgbà, yóò dogbó, ọmọ tirẹ̀ náà yóò dọ̀bálẹ̀ fún un, ilẹ̀ àjèjì kò ní í gbé e mì. Mo fà á gùn, nítorí pé kò dìde. Ó wà nílẹ̀, ó ń ṣe "Àmín, Mọ́mì, àmín," ó sì ń na ọwọ́ sí abẹ́ táyà. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹyẹ méjì yọ lábẹ́ mọ́tò náà. Òòró ni wọ́n dúró bí ènìyàn, ẹ̀yìn wọn dúdú, àyà wọn funfun, bí lọ́yà tí ó ń ti kóòtù bọ̀. Wọn kò sá. Wọ́n wò mí láti òkè dé ilẹ̀, wọ́n sì gba ojú títì lọ síbi tí wọ́n ń lọ.

Sídíkátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Ó ní pẹ́ńgúìnì ni wọ́n ń pè é, àti pé òfin ìlú ni pé kí onímọ́tò wo abẹ́ mọ́tò kí ó tó gbé e, kí ó má baà tẹ ẹyẹ pa. Mo bi Gàníyù pé ṣé ẹyẹ ni ó kí, tàbí èmi.

Ó ní, "Mọ́mì, mo pa méjèèjì pọ̀ ni."

Ọmọ dáadáa ni. Mo fi àdúrà náà sílẹ̀ fún un, n kò gbà á padà.

Bí ìlú náà ṣe rí nìyẹn. Àwọn ẹranko ni ó ni ín, àwọn ènìyàn kàn ń gbé níbẹ̀ nípa àánú wọn ni. Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, mo mú tòmátì lọ́wọ́, mo fẹ́ sanwó. Ẹnì kan pariwo níta pé ẹja ńlá kan ń fò nínú òkun. Ẹni tí ó ń gbowó jáde. Àwọn tí ó wà níwájú mi jáde. Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí a má jalè, òun náà jáde. Èmi nìkan ni ó ṣẹ́kù nínú ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú tòmátì lọ́wọ́. Bí mo bá gbé gbogbo rẹ̀ lọ, ta ni ìbá mọ̀? Nígbà tí wọ́n padà dé, ojú wọn ń dán bí ojú ẹni tí ó ti ibi ìgbéyàwó bọ̀. Wọ́n bi mí pé ṣé mo rí i. Mo ní rárá, mo ń bá yín ṣọ́ ọjà.

Jáàmù lára ẹja

Aládùúgbò Sídíkátù ni obìnrin kan tí ń jẹ́ Gàdíjà, Kàdíjà tiwa náà ni. Mùsùlùmí ni wọ́n láti ìran baba wọn. Ó kí mi ní "Salamu alaekun", mo dá a lóhùn, gbogbo èdè tí èmi àti òun jọ gbọ́ sì tán síbẹ̀. Síbẹ̀ a máa ń jókòó láti ìdájí di ọ̀sán, kálukú ń sọ tirẹ̀, ọ̀rọ̀ sì ń wọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ó ní ká wá jẹun. Èmi àti àwọn obìnrin jókòó, àwọn ọkùnrin ni ó ń dáná. Mo fẹ́ dìde lọ ràn wọ́n lọ́wọ́, Sídíkátù fà mí ní ìró, ó ní bí mo bá fọwọ́ kan iná yẹn, mo ti bú ọkọ Gàdíjà nìyẹn. Ọkọ náà gbé ẹja kan jáde tí ó gùn tó ẹsẹ̀ mi, ó là á, ó tẹ́ ẹ sórí iná. Títí débẹ̀, mo fọwọ́ sí i. Ó wá gbé ìgò jáàmù, jáàmù tí a ń fi sínú búrẹ́dì, ó sì ń fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún sí ẹja náà lára bí ẹni ń kun ilé. Mo bojú wo Gàníyù. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ kàn jẹ ẹ́." Mo jẹ ẹ́. Mo tún jẹ ẹ́. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni lọ́jà pé mo fẹ́ràn rẹ̀.

Edé wọn nìyí: ó tó apá mi, ó ní ìrù, ó ní irùngbọ̀n, ẹyọ kan ni wọ́n ń gbé síwájú ènìyàn kan. Wọ́n bi mí bí mo ṣe fẹ́ kí wọ́n se tèmi. Mo ní kí wọ́n sá a sóòrùn, kí wọ́n lọ̀ ọ́, kí n fi sínú ọbẹ̀. Sídíkátù túmọ̀ rẹ̀. Gbogbo tábìlì kọjú sí mi, bí ẹni pé mo ní kí wọ́n lọ ọmọ wọn.

Àpáta tí ó lójú

Ọjọ́ kẹta tí mo dé ni Sídíkátù bí ọmọbìnrin. Alihamudulilai. Ọmọ náà pupa, ó gbó, ó ń wò wá bí ẹni tí a jẹ ní gbèsè.

Nígbà tí ó pé ọjọ́ mẹ́rin, mo tú aṣọ ìyá mi jáde. Òórùn kánfọ̀ inú àpótí ti wọ̀ ọ́, mo sì ní kí n fọ̀ ọ́ kí ó tó kan awọ ọmọ tuntun. Mo fọ̀ ọ́ tán. Sídíkátù ní kí n jẹ́ kí òun jù ú sínú ẹ̀rọ tí ń gbẹ aṣọ, kí ó tó ìṣẹ́jú díẹ̀ á ti gbẹ. Mo ní aṣọ aró kì í wọ inú ẹ̀rọ. Àwa ará Abẹ́òkúta mọ ibi tí a ń sá aṣọ sí. Orí àpáta ni. Òòrùn á mú un lókè, ooru àpáta á mú un nísàlẹ̀, kò ní í hunjọ. Àpáta ńlá kan tí ó dán sì wà létí òkun lẹ́yìn ilé wọn, ó rí bí ti ilé gan-an, tí ó fi jẹ́ pé láti ọjọ́ tí mo dé ni mo ti ń wò ó. Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ, mo tẹ́ aṣọ náà, mo fi òkúta mẹ́rin tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo padà lọ wẹ ọmọ.

Nígbà tí mo padà dé, àpáta náà ti ga sí i.

Mo dúró. Mo ní bóyá ọ̀nà ni mo ṣì. Mo tún wò ó, àpáta náà la ojú. Ojú rẹ̀ tóbi tó ọsàn. Ẹran ni. Ó gùn ju mọ́tò Gàníyù lọ, kò ní ẹsẹ̀, kò ní etí, imú rẹ̀ so kọ́ síwájú bí imú erin tí ẹni tí ń mọ ọ́n kò mọ parí. Ó gbé orí, ọrùn àti apá rẹ̀ méjèèjì lé aṣọ ìyá mi bí ẹni lé ìrọ̀rí, ó sì da ìyókù ara rẹ̀ sórí àpáta. Mo pàtẹ́wọ́. Mo ṣe ṣíọ̀ sí i bí a ti ń lé ewúrẹ́. Ó ya ẹnu, inú rẹ̀ pupa bí ìsọ̀ ẹlẹ́ran, ó sì ké bí jẹnẹrétọ̀ tí omi wọ inú epo rẹ̀. Ẹ̀yìn ni mo fi rìn dé ilé.

Bàbá ọmọ ọdún mẹ́jọ

Kí n tó pe Sídíkátù sọ̀ kalẹ̀, ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun kan tí ìjọba fi ṣọ́ àwọn ẹran òkun ti dé, ó ti fi okùn yí ibẹ̀ ká. Ó ní kò sí ẹni tí ó gbọdọ̀ sún mọ́ ọn tó ogún ìṣísẹ̀. Òfin ni. Mo ní kí Sídíkátù ṣàlàyé fún un pé aṣọ wa wà lábẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun rí i, ó dun òun, ṣùgbọ́n ẹran náà ń pààrọ̀ awọ ni. Bí ó bá ń pààrọ̀ awọ, kò lè wọ omi, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ yọ ọ́ lẹ́nu.

Mo ní ìgbà wo ni yóò pààrọ̀ rẹ̀ tán. Ó ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó lè tó mẹ́rin.

Mo ní, "Sọ fún un pé ọjọ́ mẹ́rin ni mo ní."

Ó sọ fún un. Ọkùnrin náà wo ẹran náà bí ẹni pé yóò bi í léèrè, ó sì mi orí.

Ohun tí ó bí mi nínú jù ni orúkọ. Ìlú náà ti mọ ẹran yìí láti ọdún tí ó kọjá, Úmù Pítì ni wọ́n ń pè é. Sídíkátù ní "Úmù" ni wọ́n fi ń bọ̀wọ̀ fún ọkùnrin àgbà, bí a ti ń sọ Bàbá. Àwọn ọmọdé ń kọjá, wọ́n ń kí i ní Bàbá Pítì. Àwọn àgbàlagbà náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Mo bi onírùngbọ̀n léèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni bàbá náà. Ó ní bí mẹ́jọ.

Mo ní mẹ́jọ? Èmi tí mo ti lé ní àádọ́rin ọdún, èmi ni n ó dúró lẹ́yìn okùn kí ọmọ ọdún mẹ́jọ sun oorun rẹ̀ tán lórí aṣọ ìyá mi, tí n ó sì máa pè é ní Bàbá? Sídíkátù kò túmọ̀ ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni n ó ṣe? Láàárọ̀, bí mo bá ti wẹ ọmọ tán, mo ń lọ dúró lẹ́yìn okùn. Mo kọ́kọ́ fi èébú bá a sọ̀rọ̀. Nígbà tí ó di ọjọ́ kejì, mo rí i pé èébú kò ràn án, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kí i. Mo ní ẹ kú oorun. Mo ní ẹ kú awọ tuntun. Mo ní ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀ sápá ọ̀tún. Á la ojú kan, á fi apá họ ikùn, á tún padà sùn. Awọ rẹ̀ ń ṣí kélekèle bí ọ̀dà ara ògiri àtijọ́.

Àwọn àlejò bẹ̀rẹ̀ sí í ti ìlú mìíràn wá wò ó. Wọn kò rí ẹran òkun tí ó lo aṣọ rí. Ẹni tí ń ta ẹja díndín gbé tábìlì rẹ̀ sún mọ́ okùn. Ìyá arúgbó kan, aláwọ̀ funfun, di ọwọ́ mi mú, omi bọ́ lójú rẹ̀, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo fi aṣọ bo ẹran aláìní. Mo ní kí Sídíkátù sọ fún un pé n kò fún ẹran náà, ó gbà á ni. Sídíkátù ní, "Màámi, ẹ jẹ́ kí ó máa dúpẹ́ lọ."

Ohun tí wọ́n bi mí nípa aró

Ọjọ́ kẹfà ọmọ, onírùngbọ̀n wá sílé pẹ̀lú obìnrin kan tí ó jẹ́ dókítà ẹranko. Wọ́n mú ìwé dání. Wọ́n ní ẹnì kan nílùú ti mú ẹjọ́ wá pé bóyá aró ara aṣọ náà yóò ṣe Bàbá Pítì ní jàǹbá ní awọ. Wọ́n ní kí n sọ òtítọ́. Bí aró náà bá léwu, lónìí gan-an ni dókítà yóò fún un lábẹ́rẹ́ oorun, wọn á sì yọ aṣọ náà.

Sídíkátù túmọ̀ rẹ̀ tán, ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. Ó ní, "Màámi, ẹ ní ó léwu. Ọ̀rọ̀ kan péré ni. Wọ́n á bá wa yọ ọ́."

Mo la ẹnu. Mo fẹ́ sọ ọ́, Ọlọ́run ni ẹlẹ́rìí mi. Ṣùgbọ́n mo rí ìyá mi lójú mi níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sẹ́nu ìkòkò aró, tí ó ń fi ahọ́n tọ́ omi rẹ̀ wò láti mọ̀ bóyá ó ti dé ojú rẹ̀. Aró tí a ń tọ́ lẹ́nu, n ó ha sọ fún àjèjì pé májèlé ni? Kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba?

Mo ní aró ìyá mi kò lè pa eṣinṣin. Mo ní ewé ẹ̀lú ni, àti omi eérú, kò sí ohun tí wọ́n rà ní ṣọ́ọ̀bù nínú rẹ̀. Mo ní a ń tọ́ ọ wò lẹ́nu. Dókítà náà fa àga sún mọ́ mi. Ó fẹ́ mọ bí a ti ń gún ẹ̀lú, bí a ti ń sẹ́ eérú, ọjọ́ mélòó ni a ń dé e mọ́lẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ dùn mọ́ mi lẹ́nu. Onírùngbọ̀n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Níkẹyìn wọ́n bọ̀ mí lọ́wọ́, wọ́n ní ọkàn àwọn ti balẹ̀, kí aṣọ náà máa wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ni Sídíkátù túmọ̀, kò fi ọ̀kan sílẹ̀, kò sì wo ojú mi. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní òun ìbá ti yí i padà fúnra òun, ta ni ìbá mọ̀, nítorí pé wọn kò gbọ́ Yorùbá. Ṣùgbọ́n ẹnu mi ni òun fẹ́ kí ó ti wá.

Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì rèé tí aró ṣíwájú mi, Màámi."

Ó gbé ọmọ rẹ̀, ó wọlé, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Ì bá sàn kí ó gbá a.

Ọjọ́ kẹjọ

Láàárọ̀ ọjọ́ ìkómọ, kí Lèmọ́mù tí Gàdíjà bá wa pè tó dé, mo ní kí Sídíkátù bá mi sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí òkun. Ó gbé ọmọ, ó tẹ̀lé mi. Onírùngbọ̀n wà níbẹ̀, ó ń mu tíì. Bàbá Pítì ń hanrun.

Mo ní, "Sọ fún un pé mo purọ́. Sọ pé aró náà léwu."

Ó yíjú sí mi.

Mo ní, "Sọ fún un pé ìyá mi kò mọ aró í ṣe. Sọ pé aró rẹ̀ máa ń ṣí, ó máa ń jẹ ènìyàn lára. Kí wọ́n lọ kọ ọ́ síwèé."

Ẹnu mi korò nígbà tí mo sọ ọ́, bí ẹni pé mo gbé omi eérú mì. Sídíkátù wò mí pẹ́. Ó wá kọjú sí ọkùnrin náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ Gẹ̀ẹ́sì, ó sọ ọ́ gùn. Ọkùnrin náà gbé tíì sílẹ̀, ó ṣí fìlà, ó tẹrí ba fún mi. Lẹ́yìn náà ó gbé tíì rẹ̀, ó sì ń mu ún lọ. Kò pe dókítà. Kò fọwọ́ kan okùn.

Mo ní, "Kí ni o sọ fún un?"

"Mo ní ìyá mi ní ẹ káàárọ̀."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ gígùn yẹn?"

"Mo ní ẹ kí ìyàwó rẹ̀, ẹ kí àwọn ọmọ rẹ̀, ẹ ní ẹ kú iṣẹ́, ẹ ní ẹ kú afẹ́fẹ́. Ṣebí bí a ṣe ń kí ènìyàn nìyẹn." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Màámi, ọ̀rọ̀ yẹn kò ní í dé etí ẹnikẹ́ni. Èmi ti gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká sọ ọmọ lórúkọ."

Òun ni ó ní kí a má lọ sílé mọ́. Ó ní aṣọ wà níbí, ẹ jẹ́ kí ìkómọ wá bá aṣọ. Gàníyù àti ọkọ Gàdíjà ru àga sọ̀ kalẹ̀. Lèmọ́mù dé, ó wo òkun, ó wo ẹran, ó bi wọ́n léèrè lẹ́ẹ̀mejì pé ṣé ibí ni. Àwọn àlejò tí wọ́n wá ya fọ́tò rò pé bí ìlú ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n tò sẹ́yìn wa. Pẹ́ńgúìnì mẹ́ta pàápàá dúró. Àwọn nìkan ni ó múra wá.

Mo tú ìró òkè nínú mẹ́ta tí mo ró, àǹkárá lásán, mo bẹ̀rẹ̀, Sídíkátù gbé ọmọ lé mi lẹ́yìn, mo sì pọ̀n ọ́n. Lèmọ́mù pe orúkọ rẹ̀: Ráfíátù. Bí ó ti pè é tán ni Bàbá Pítì gbé orí sókè, ó sì sín. Ó sín tí omi imú rẹ̀ fi ta dé ìdí okùn. Lèmọ́mù, tí ẹnu ti mọ́ ọn lára, dá a lóhùn bí a ti ń dá Mùsùlùmí tí ó sín lóhùn, pé kí Ọlọ́run kẹ́ ẹ. Gbogbo wa ní àmín. Kí ni a ó tún sọ?

Sídíkátù di ìdí ọmọ náà mú lẹ́yìn mi, ó sì ń ti ìró náà bọ ìsàlẹ̀ dáadáa. Ó ní, "Ó mà gba ọmọ o, ìró lásán yìí."

Iṣẹ́ ọwọ́ Bàbá Pítì

Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àti ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ tí ó lọ, ìdajì ìlú ni ó sìn ín dé etí omi. Onírùngbọ̀n kọjá lábẹ́ okùn, ó kó aṣọ náà, ọwọ́ méjèèjì ni ó fi gbé e fún mi. Ẹ má bi mí ní òórùn rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo fọ̀ ọ́, Gàdíjà fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kẹjọ, pẹ́ńgúìnì ṣì ń tẹ̀lé wa kiri.

Nígbà tí ó gbẹ (inú ẹ̀rọ ni mo jẹ́ kí wọ́n gbẹ ẹ́ sí, ẹ má dá mi lóhùn), mo tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì. Òòrùn àti iyọ̀ ti fa aró rẹ̀, ó ti ṣí di bí ojú ọ̀run ọ̀sán. Ibi tí ẹran náà sùn sí nìkan ni kò ṣí. Orí rẹ̀ wà níbẹ̀ ní dúdú kíríkírí, imú rẹ̀ tí kò parí, apá rẹ̀ méjèèjì tí ó nà bí ẹni tí ń gbàdúrà. Mo wò ó bí aláró ti ń wo iṣẹ́ aláró. Àwa ń dì í kí aró má baà dé ibẹ̀. Òun sùn lé e kí òòrùn má baà dé ibẹ̀. Iṣẹ́ kan náà ni, ó kàn gba àkókò jù. Mo sì ti lọ rí ohun kan létí òkun tí mo ń dúró dè láti ọjọ́ tí wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè: lẹ́yìn gbogbo ìyà yẹn, kò sí ẹ̀kán aró kan lórí àpáta náà.

Ìlú fẹ́ gbà á, kí wọ́n gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì wọn. Sídíkátù ní rárá, kò tilẹ̀ bi mí léèrè kí ó tó dá wọn lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ wálé, ó ká a, ó fi í sísàlẹ̀ báàgì mi. Nígbà tí ó lọ gbé ọmọ, mo yọ ọ́, mo fi í sínú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, láàárín àwọn aṣọ tirẹ̀.

Àwọn ọmọ mi péjọ sílé lọ́jọ́ tí mo dé. Wọ́n jẹ ẹja gbígbẹ tí mo mú bọ̀, wọ́n wo fọ́tò, wọ́n ní irọ́ ni. Mùtíù, àkọ́bí mi, tí ìyàwó ọmọ rẹ̀ ti fẹ́ bí, ní aṣọ wa dà. Mo sọ fún wọn pé kì í ṣe aṣọ wa mọ́. Sídíkátù ni ó ni ín. Ẹni tí ó bá fẹ́ fi pọ̀n ọmọ, kí ó gbé ọmọ náà lọ bá a níbẹ̀, kí ó kí i dáadáa.

Mùtíù bojú wo àwọn àbúrò rẹ̀. Ó ní, "Màámi, ibẹ̀ mà jìnnà."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo ní ó jìnnà púpọ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá mọ̀.